Ṣíbí Iyọ̀ àti Ẹsẹ̀ Bàbá Télọ̀

Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́. Ìwé pélébé kan ni, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n sì ti í gba abẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ṣùgbọ́n ẹní ìnusẹ̀ ló gbé e mì. Àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé ẹní náà síta láti gbọn eruku rẹ̀, ni ìwé náà jábọ́ sórí bàtà rẹ̀ bí ewé gbígbẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ẹsẹ̀ bàbá mi bọ omi lónìí. Nọ́ọ̀sì tó wá wò wọ́n lánàá rí ojú ọgbẹ́ kan lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó ní omi kò gbọdọ̀ kàn án títí dókítà yóò fi rí wọn. Tí mo bá ní kí wọ́n má wá, ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n á wá. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí ẹ̀yin."

Ọmọ Bàbá Télọ̀ ló fọwọ́ sí i. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àná ni "òní" tó wà nínú ìwé náà.

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, nítorí pé tó bá di ẹsẹ̀ mú, ńṣe ni ẹlẹ́sẹ̀ á tòògbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, ẹni tí òun àti gbogbo oníbàárà ń pè ní Àǹtí, Àǹtí ló sì ni ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù ìfọsẹ̀ ni. Àga mẹ́rin onítìmùtìmù ló wà níbẹ̀, básíà méjì, ẹ̀rọ méjì, àti àwòrán ńlá kan lára ògiri tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Bí ẹnìkan bá jókòó, wọ́n á bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú básíà, wọ́n á da iyọ̀ sí i, wọ́n á ti irin kan tí wọ́n lọ́ bí ìkarahun ìgbín bọ inú rẹ̀, wọ́n á wá tan ẹ̀rọ. Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, omi á ti pọ́n, á ki, á máa hó ìfófòó bí omi tí wọ́n fi fọ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àǹtí á wá fi igi kékeré tọ́ka sí ògiri: àwọ̀ yẹ́lò, ìdọ̀tí kíndìnrín nìyẹn, àwọ̀ amọ̀, ti ẹ̀dọ̀ nìyẹn, dúdú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí dúdú. Gbogbo ohun tó ti dì sínú ara, àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbà jáde. Wọ́n á sì kọ àwọ̀ náà sí káàdì oníbàárà.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó máa ń rò pé ẹsẹ̀ ni ìwé tí ènìyàn kò mọ̀ pé òun ń kọ. Ó mọ ẹsẹ̀ ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́, ó mọ ẹsẹ̀ ẹni tí bàtà rẹ̀ há, ó mọ ẹsẹ̀ ẹni tí kò sẹ́ni tó ti fọwọ́ kàn án fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹsẹ̀ Bàbá Télọ̀ ló mọ̀ jù. Ó sì fọ̀ ọ́ lánàá.

"Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ mi, omi tòní ńkọ́?" Bàbá ti bi í, bó ṣe ń bi í ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Ṣé ó mọ́ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ?"

"Ó mọ́, Bàbá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí tíì tí wọ́n da omi lù."

"Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tí mo bí nínú ara mi ní kí n máa gbé oògùn ṣúgà mì ní àárọ̀ àti ní alẹ́ bí adìyẹ tó ń ṣa ọkà. Mo ní oògùn kí ni? Ṣé omi ń purọ́ ni?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín láti ìdí tábìlì rẹ̀. "Omi kì í purọ́, Bàbá."

Ìgbà tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé ẹsẹ̀ òsì sókè láti nù ún ló rí i: ojú kékeré kan lábẹ́ ibi tí ọmọ-ìka tó kéré jù ti bẹ̀rẹ̀, dúdú, róbótó, bí àmì ìdánudúró ní ìparí gbólóhùn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá kò tilẹ̀ mira.

"Bàbá, kí lẹ fẹsẹ̀ tẹ̀?"

"Èmi? N ò tẹ nǹkan kan."

Ó pe Àǹtí. Àǹtí wọ ìgò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó sì gbé ọwọ́ lé èjìká Bàbá bí ẹni tó fẹ́ kí i kú oríire. "Ẹnu ọ̀nà ni. Ibẹ̀ ni ìyókù fẹ́ gbà jáde. Dá ẹsẹ̀ wọn padà sínú omi, kí ó tún lo ogún ìṣẹ́jú sí i."

Inú Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kò gbà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbà á: ó dá ẹsẹ̀ náà padà sínú omi.

Ohun tó ń rò nìyẹn lórí ìdúró, tí ẹní ìnusẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí Àǹtí wọlé pẹ̀lú páálí méjì tí wọ́n kó lé ara wọn.

"Wá gbà mí o, kí ọrùn mi má wọnú ikùn! Ẹ̀rọ tuntun ti dé, mẹ́rin. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kejì rèé, mú un. Ìwọ lo ni ibẹ̀. Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n kọ orúkọ ìnagijẹ rẹ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà." Ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. "Kí ló dé tí ojú rẹ rí bẹ́ẹ̀?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ na ìwé sí i. Àǹtí kà á, ó sì ká a padà sí mẹ́rin.

"Ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n àná ti lọ. Wọ́n ti ní dókítà, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe tirẹ̀. Wá bá mi tú páálí."

"Mò ń lọ wò wọ́n, Àǹtí."

"Oníbàárà mẹ́ta ló ń bọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n!"

"Wọ́n á jókòó dè mí. Àga pọ̀." Ó bọ́ épúrọ̀nù rẹ̀, ó gbé e kọ́, ó sì jáde.

Yàrá ìránṣọ Bàbá wà ní títì kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe. Ilẹ̀kùn wà ní títì pa. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé ojú lé gíláàsì fèrèsé. Ó rí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí Bàbá ti ń tẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, pátákó ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ní apá òsì. Ó rí ẹ̀wù kan tí kò tíì ní apá. Ó rí bàtà Bàbá méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí pé Bàbá kì í wọ bàtà níbi iṣẹ́. Ó máa ń ní ẹsẹ̀ òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí maṣíìnì ń sọ. Ó wá rí ilẹ̀. Oòrùn àárọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sì ń tàn yòò káàkiri bí ìràwọ̀.

"O ti pẹ́ o," ọkùnrin oníbàtà sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Wọn ò sí nílé. Lánàá, kí ilẹ̀ tó ṣú, ara wọn ti gbóná bí ààrò. Ọmọ wọn ló gbé wọn lọ sí ọsibítù."

Kò dúró gbọ́ ìyókù.

Ọmọ Bàbá, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Yíǹkì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Nígbà tó rí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, kò dìde.

"Ẹ kú ìdúró tì wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwé tí mo kọ ńkọ́?"

"Àárọ̀ yìí ni mo rí i. Abẹ́ ẹní ló wà."

"Abẹ́ ẹní." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Èmi tí mo ń tẹ̀wé fún gbogbo ayé, mo kọ ẹyọ kan, ó lọ sí abẹ́ ẹní. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n yọ lẹ́sẹ̀ wọn? Orí abẹ́rẹ́. Ó dá sínú ẹran, ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ wo, a ò mọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ náà lẹ́nu mọ́. Dókítà ní ọmọ-ìka á lọ lọ́sàn-án òní. Bóyá ẹsẹ̀ á dúró, ó ní kí ó di ọjọ́ Ẹtì ná." Ó yí ojú sí ògiri. "Ẹsẹ̀ òsì. Èyí tí wọ́n fi ń tẹ maṣíìnì. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá lọ, ẹ bá mi sin bàbá mi, kó kàn jẹ́ pé wọ́n ṣì ń mí ni."

"Ṣúgà wọn, ṣebí oògùn..."

"Oògùn wo? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn ò fi fẹnu kàn án, wọ́n ń kó o pamọ́ sínú àpótí bọ́tìnnì. Mo bá wọn jà. Wọ́n ní kí n lọ bi yín, pé omi àwọn ti mọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nǹkan kan yí padà nínú Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá yí nínú ilẹ̀kùn yàrá mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni ṣíbí onígi tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ dá ní ọrùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí ìrotíì kékeré wọ̀n ọ́n, ṣíbí mẹ́ta, nítorí pé mẹ́ta ló máa ń wọ̀n tẹ́lẹ̀, kò sì ronú sí i rárá.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà, tó ń nu ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ láti inú yàrá, ti dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. "Ìwọ lo ń ṣe omi apọ́n yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Wáá gbọ́, ọmọ mi. Ara ní ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́, kíndìnrín ń ṣiṣẹ́, inú ìtọ̀ ni ohun tí wọ́n bá kó dànù ń gbà lọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ kì í ṣe ojú gọ́tà. Irin yín ló ń dípẹtà nínú omi iyọ̀. O ò gbà mí gbọ́? Má gbà mí gbọ́. Lọ tan ẹ̀rọ rẹ kí ẹsẹ̀ kankan má sí nínú omi, kí ojú ara rẹ sọ fún ọ."

Ó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Àǹtí ti jáde lọ rí káfíńtà. Oníbàárà kan ṣoṣo ló kù tó ń dúró dè é: awakọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dùn ún.

"Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, mo ti jókòó débi pé àga ti fẹ́ máa pè mí ní ọkọ."

"Ẹ forí jì mí, bọ̀ọ̀dá. Ẹ tún fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ó bá mi ṣe ẹlẹ́rìí nǹkan kan."

Ó bu omi sínú básíà méjèèjì, omi kan náà, láti inú kẹ́tùlù kan náà. Ó wá orí ṣíbí onígi tó dá nínú dúrọ́ọ̀, ó fi wọn iyọ̀ ṣíbí mẹ́ta sínú básíà àkọ́kọ́. Ó fi ṣíbí ìrotíì wọn mẹ́ta sínú èkejì. Ó ti irin bọ̀ wọ́n. Ó tan ẹ̀rọ méjèèjì, ó sì jókòó sórí àpótí kékeré rẹ̀, ọwọ́ lórí eékún, bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Ẹsẹ̀ ta ló fẹ́ wọ inú ìwọ̀nyí?" awakọ̀ béèrè.

"Kò sí ẹsẹ̀."

Wọ́n wò ó papọ̀. Omi àkọ́kọ́ pọ́n, ó ki, ó di àwọ̀ amọ̀, ìfófòó rẹ̀ sì ga. Èkejì kàn yí padà díẹ̀. Ó dà bí tíì tí wọ́n da omi lù.

"Yéè," awakọ̀ ní. "Iwin ti wá wẹsẹ̀. Iwin ọ̀tún ní àrùn ẹ̀dọ̀, ti òsì ti gbádùn."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ tẹjú mọ́ básíà kejì. Òun ló wo Bàbá Télọ̀ sàn lójú Bàbá, òun àti ṣíbí ìrotíì.

"Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ fún ọ," awakọ̀ tẹ̀síwájú, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ẹsẹ̀ mi máa ń fúyẹ́ tí mo bá kúrò níbí. N ò purọ́ ìyẹn."

"Mo mọ̀, bọ̀ọ̀dá. Ẹ jókòó, ẹ sinmi, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà lẹ́sẹ̀ yín, ẹnìkan sì ń fọwọ́ ra á. Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní fúyẹ́? Irin yìí ni kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀." Ó yọ irin náà, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wá, ó sì fọ ẹsẹ̀ awakọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi lásán. Kó tó dé ìka kẹta, ọkùnrin náà ti ń hanrun.

Bí Àǹtí ṣe wọlé bá wọn nìyẹn. Awakọ̀ wo ojú Àǹtí, ó wo ojú Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ó wọ bàtà rẹ̀ láì so okùn, ó ní òun ti gbàgbé bọ́ọ̀sì sí ojú ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ wo básíà méjì yìí. Kò sẹ́ni tó tẹsẹ̀ bọ èyíkéyìí nínú wọn."

Àǹtí wò wọ́n. "Omi ẹ̀rọ ló dọ̀tí."

"Omi kan náà ni. Iyọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ṣíbí dá, Àǹtí, mo sì dín iyọ̀ kù láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí omi Bàbá fi ń mọ́. A kọ ọ́ sí káàdì wọn pé wọ́n ń gbádùn. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n pa oògùn tì. Wọ́n ń gé ìka ẹsẹ̀ wọn báyìí."

Àǹtí jókòó. "Ẹsẹ̀ ara mi ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò," ó ní. "O ti kéré jù láti rántí. Ẹsẹ̀ mi wú bí òpó, n ò lè wọ bàtà. Mo ra ẹ̀rọ yìí. Oṣù méjì, ó walẹ̀. Ṣé èmi náà parọ́ fún ara mi ni?"

"Mo rántí, Àǹtí. Ọdún tí ẹ kúrò ní ilé ìfọṣọ ni, níbi tí ẹ ti ń dúró lọ aṣọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù ní oṣù kan, ẹ̀rọ dé ní oṣù kejì. Ìjókòó ló wò yín sàn."

Àǹtí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ti ń sọ ìtàn ẹsẹ̀ wíwú náà fún oníbàárà láti ọdún mẹ́rìnlá, kò sì sẹ́ni tó tíì gbé ilé ìfọṣọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí.

"Ẹ̀rọ yìí ló bọ́ ọ," ó wá sọ, ohùn rẹ̀ kò ga. "Òun ló rán ọ nílé ìwé. Igi tí ènìyàn fẹ̀yìn tì, kì í gbé àáké sí i."

"Ẹ̀yin lẹ bọ́ mi, Àǹtí. Kì í ṣe ẹ̀rọ."

"Lọ rò ó wò. Di ọjọ́ Ẹtì, kí o wá sọ fún mi bóyá o ó gba kọ́kọ́rọ́ yẹn tàbí o ò ní gbà á."

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n jẹ́ kó wọlé rí Bàbá Télọ̀. Ó kéré lórí bẹ́ẹ̀dì náà ju bó ṣe rí lórí àga wọn lọ. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, lórí ìrọ̀rí. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kúnlẹ̀, kò sì dìde títí tó fi sọ gbogbo rẹ̀: ìwé abẹ́ ẹní, ojú dúdú tó rí tó sì dá padà sínú omi, ṣíbí tó dá.

"Ṣíbí?" Bàbá ní.

"Ṣíbí ni, Bàbá."

Ikùn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni, àfi ìgbà tó yá tí kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Mo kó oògùn pamọ́ sínú bọ́tìnnì, mo ní mo gbọ́n ju dókítà lọ. Ṣíbí ìrotíì ló wá gbọ́n jù mí lọ. Dìde, ọmọ. Èmi náà lójú, mo rí oògùn, mo ní n ò lò ó. Kì í ṣe ìwọ nìkan." Ó wo báńdéèjì. "Wọ́n ní ìyókù dàbí ẹni pé ó fẹ́ dúró. A ń retí ọ̀la. Tó bá dúró, ta ni yóò máa bá mi wo abẹ́ rẹ̀? Ojú mi ò débẹ̀ mọ́, ọmọ mi kì í tètè dé láti ibi iṣẹ́."

"Èmi ni, Bàbá. Lójoojúmọ́."

Nọ́ọ̀sì àgbà náà ló kọ́ ọ. Ó fún un ní okùn kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó le díẹ̀, ó fi bí wọ́n ṣe ń tẹ orí rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ hàn án, níhìn-ín, níhìn-ín, àti níhìn-ín, kí ẹlẹ́sẹ̀ di ojú kó sì sọ bóyá òun mọ̀ ọ́n lára. Ẹsẹ̀ tí kò bá mọ okùn, kò ní mọ abẹ́rẹ́. Ó ní bó bá fẹ́ mọ̀ sí i, kó máa wá ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wọn á jẹ́ kó jókòó síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn alárùn ṣúgà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ Bàbá ránṣẹ́ sí i. Ìròyìn náà kò pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, orí fóònù ló gbà wọlé: ẹsẹ̀ dúró. Ó kà á lójú títì, ó mí kanlẹ̀, ó sì rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Àǹtí ti to ẹ̀rọ tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì, wọ́n ń dán gbinrin, ọ̀rá wọn kò tíì kúrò. Kọ́kọ́rọ́ wà láàárín wọn. Àwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n igi ìtọ́ka wà nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mú un.

"Bàbá ńkọ́?" Àǹtí béèrè. Ó hàn pé kò sùn.

"Ẹsẹ̀ wọn dúró. Ìka kan ló lọ."

"Ọpẹ́ o." Àǹtí fi ọwọ́ nu eruku tí kò sí lórí ẹ̀rọ kan. "Ó dáa. Ìwọ ńkọ́?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ mú kọ́kọ́rọ́, ó rọra gbé e sí iwájú Àǹtí, ó sì wò ó lójú, kò wo ilẹ̀.

"Àǹtí, mi ò ní ti irin bọ omi fún ẹnikẹ́ni mọ́, níbí àti ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹsẹ̀ ni n ó máa fọ̀. N ó máa gé èékánná, n ó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀, tí mo bá sì rí ojú ọgbẹ́, n ó rán ẹni tó ni ín lọ rí dókítà kí omi tó kàn án. Gbogbo ẹni tó ní káàdì lọ́dọ̀ wa ni n ó lọ bá, n ó sọ fún wọn pé irin ló ń pọ́n omi, kì í ṣe ara wọn. Tí ẹ bá fẹ́ kí a jọ ṣe é báyìí, n ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tí ẹ ò bá fẹ́, Àǹtí mi, n ó lọ ṣe é níbòmíràn."